Ẹnu Tí A Kò Gbọdọ̀ Fọ̀

Nie Shaoqiong ò lè jókòó lójú kan. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́ ló ti gbá iwájú ilé ìpàdé abúlé lẹ́ẹ̀mejì. Ó to àwọn àga onígi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó tú wọn ká, ó tún wọn tò. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wo títì tó gba àárín oko àgbàdo kọjá, ó padà. Ọkọ̀ àwọn dókítà láti Kunming ò tíì yọ.

Òun ni aṣáájú àwọn obìnrin abúlé náà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lórí òpó pé kí gbogbo obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí kò mu sìgá rí, jáde lọ́jọ́ yìí. Kí wọ́n má jẹ ohunkóhun, kí wọ́n má mu ohunkóhun, kí wọ́n má sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín wọn láti alẹ́ àná. Àwọn dókítà fẹ́ gba omi ẹnu wọn.

"Omi ẹnu kẹ̀?" Ìyá Guangfu ló bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kéde. Ìyá Guangfu ti lé láàádọ́rin ọdún, kò sì sẹ́ni tí kì í bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ lábúlé náà. "Ṣé àwọn ará Kunming ò rí omi mìíràn lò ni?"

"Kòkòrò inú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ wò, Ìyá Guangfu. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kòkòrò ẹnu lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró."

"Tèmi yá wọn. Eyín mẹ́fà ló kù lẹ́nu mi. Kòkòrò tó bá ṣì ń gbé ibẹ̀, kò ní òrùlé lórí ni."

Àwọn obìnrin tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, Shaoqiong náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ọ̀fun rẹ̀. Ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, àmọ́ ohun tó ń dun obìnrin yìí, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Xuanwei lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí abúlé wọn wà, kò sẹ́ni tó nílò kí dókítà wá sọ fún òun pé èéfín èédú ń pa èèyàn. Inú ilẹ̀ wọn ni wọ́n ti ń wa èédú náà, òun náà ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, tí wọ́n fi ń yáná nígbà òtútù. Láyé ìyá wọn, àárín ilé gan-an ni ihò iná máa ń wà, kò sí ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde. Àwọn ọkùnrin ló ń mu sìgá, àwọn obìnrin tí kò fọwọ́ kan sìgá rí ló ń wúkọ́ kú. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ààrò tó ní ọ̀nà èéfín, nǹkan sì rọjú díẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí èéfín nìkan ò lè dáhùn. Obìnrin méjì á jókòó ti iná kan ṣoṣo láti kékeré, wọ́n á fa èéfín kan náà símú, ọ̀kan á kú, èkejì á wà láàyè.

Shaoqiong ni èkejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Shaolan, ni ọ̀kan.

Ó ti di oṣù mọ́kànlá tí wọ́n ti sin Shaolan. Ilé kan náà ni wọ́n dàgbà sí, ihò iná kan náà ni wọ́n jókòó tì, abúlé kan náà ni wọ́n lọ́kọ sí. Kí ló yàtọ̀? Shaoqiong ti rò ó títí orí rẹ̀ fi ń gbóná, ohun kan ṣoṣo ló rí. Ẹnu Shaolan ò dára. Èrìgì rẹ̀ máa ń wú, ó máa ń ṣẹ̀jẹ̀, ó máa ń ṣọyún. Tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú kó tó kú, ó wá sọ́dọ̀ Shaoqiong lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ó ní òun fẹ́ wọkọ̀ lọ sí ìlú, kí oníṣègùn eyín bá òun wo ẹnu òun. Àsìkò pípa ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹlẹ́dẹ̀ méjì wà nílẹ̀ nílé Shaoqiong, kò sì sẹ́ni tó lè fi iyọ̀ ra itan ẹlẹ́dẹ̀ bíi Shaolan. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le, iyọ̀ á wọnú ẹran dé egungun, ẹran náà á sì pé ọdún mẹ́ta lórí àjà láìbàjẹ́.

"Eyín kì í pa èèyàn," ni Shaoqiong wí fún un. "Bá mi fi iyọ̀ ra ẹran yìí ná. Ṣebí ọjà á tún ná."

Shaolan bọ́ aṣọ ìjáde, ó ká ọwọ́ aṣọ sókè, ó sì kúnlẹ̀ ti iyọ̀. Kò lọ sí ìlú lọ́jọ́ náà, kò sì tún dárúkọ oníṣègùn eyín mọ́.

Ìdí nìyẹn tí Shaoqiong ò fi lè jókòó. Nígbà tí ìwé àwọn dókítà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó rí ẹnu àti ẹ̀dọ̀fóró nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, ṣe ló kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó rò pé nígbẹ̀yìn, ẹnì kan á sọ fún òun bóyá òun lòun pa ẹ̀gbọ́n òun.

Ọkọ̀ náà dé. Obìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó kí gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà Duan ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin méjì tó bá a wá gbé àpótí yìnyín wọlé. Iṣẹ́ náà ò pẹ́ rárá. Obìnrin á jókòó, wọ́n á fún un ní omi aláwọ̀ ewé kan nínú ife, omi náà ń ta sánsán bí ewé míńtì, ó sì ní ọtí díẹ̀ nínú. Á dà á sẹ́nu, á máa yí i ká títí dókítà fi máa ka ọgbọ̀n, á wá tu ú sínú ike kékeré onídérí. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, ó di inú yìnyín.

Obìnrin mẹ́tàlélógójì ló jáde. Nígbà tí wọ́n ń tò, Shaoqiong ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń tún ìlà tò, ó ń béèrè ọjọ́ orí, ó ń bi Dókítà Duan bóyá ike náà dé dáadáa. Dókítà Duan ṣàlàyé fún gbogbo wọn pé àwọn kòkòrò kan wà lẹ́nu olúkúlùkù èèyàn, òmíràn wúlò, òmíràn kò wúlò, àti pé nígbà téèyàn bá ń mí tàbí tó bá ń sùn, díẹ̀ nínú wọn lè yọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró.

"Ṣé àwọn ló ń fa jẹjẹrẹ náà?" Shaoqiong béèrè. Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe fẹ́ lọ.

"A ò tíì mọ̀, Màmá. Ohun tá a wá wádìí gan-an nìyẹn."

Nígbà tí ẹni tó kẹ́yìn ṣe tán, àwọn obìnrin jókòó síta nínú oòrùn, wọ́n ń jẹ pòtétò tí wọ́n sun nínú eérú pẹ̀lú ata. Àwọn ọkùnrin méjì náà ń di ẹrù. Ìyá Guangfu fi pòtétò rẹ̀ há àárín eyín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ní:

"Ẹnu mi mọ́ lónìí ju ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ. Tí wọ́n bá rí kòkòrò kankan níbẹ̀, kí wọ́n bá mi kí i."

"Báwo ni ẹnu yín ṣe mọ́?" Shaoqiong bi í. "Ṣebí a ní kí ẹ má fọ̀ ọ́?"

"Ta ló fọ̀ ọ́? Ṣé o rí mi pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi? Ọtí ata ni mo fi yọ ọ́."

Shaoqiong wo àwọn tó kù. Kò sí èyí tẹ́nu yà nínú wọn.

"Èmi náà," ni ìyàwó ilé kejì wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dà á sẹ́nu. Ó ṣe tán, dókítà la fẹ́ lọ la ẹnu sí."

"Ìwé ní ká má mu nǹkan kan," ni ẹlòmíràn fi kún un. "A ò mu ún. Inú iná la tu ú sí."

Kò sí ilé tí kò ní ìgò ọtí ata lábúlé náà. Wọ́n á kó èso ata orí igi, èyí tó máa ń mú ahọ́n kú tipiri, sínú ọtí àgbàdo tó le, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Tí eyín bá ń dunni, òun ni. Tí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, lówùúrọ̀ téèyàn bá ń dá iná, á bu ẹnu kan, á fi yọ ẹnu títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, á tu ú sórí èédú, iná á sì hó ṣìì. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní fífọ ẹnu. Ọ̀wọ̀ ni. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Kò sí ọmọlúàbí tó máa gbé ẹnu tó sùn mọ́jú pàdé àlejò.

Shaoqiong na ahọ́n rẹ̀ kan òkè ẹnu. Ó ṣì ń ta díẹ̀díẹ̀. Òun náà ti ṣe é. Lówùúrọ̀ kùtù, kó tó wá gbá iwájú ilé ìpàdé, ó ti bu ọtí ata sẹ́nu bó ṣe ń ṣe láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ ló lọ síbi ìgò láìbèèrè lọ́wọ́ orí. Òun tó kéde fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó dìde. Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó rí àpótí yìnyín tí wọ́n ti fi okùn dì, ó padà. Ó bu omi, kò mu ún. Tó bá dákẹ́, ìtìjú ò ní kan ẹnikẹ́ni. Àwọn dókítà á lọ, inú àwọn obìnrin á dùn, orúkọ abúlé á dára. Ṣùgbọ́n àwọn ike mẹ́tàlélógójì yẹn á dé Kunming, wọ́n á jẹ́rìí pé ẹnu àwọn obìnrin abúlé yìí mọ́ tónítóní, irọ́ sì ni. Irọ́ yẹn á wọnú ìdáhùn. Ẹni tó bá sì bèèrè ohun tó pa Shaolan, irọ́ ni wọ́n máa fi dá a lóhùn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti jókòó sídìí ọkọ̀. Shaoqiong tún rìn lọ, lọ́tẹ̀ yìí kò padà.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má tíì máa lọ."

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti ìgò, ti iná, ti bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí àlejò bá ń bọ̀. Dókítà Duan tẹ́tí sí i, ojú rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó parí, dókítà náà jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Gbogbo wọn, Màmá?"

"Gbogbo wọn. Pẹ̀lú èmi."

"Òórùn míńtì ló bò ó mọ́lẹ̀, a ò sì gbọ́ òórùn ọtí." Ó nu ojú. "Ìwé wa sọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì, ó sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kò sọ̀rọ̀ ọtí ata."

"Ẹni tó kọ ìwé yín, a jẹ́ pé ìyá rẹ̀ kì í fi èédú dáná."

Dókítà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín tán. Ó ní àwọn máa da gbogbo rẹ̀ nù. Ó ní abúlé mìíràn ló kàn lọ́la, ṣùgbọ́n tí àwọn obìnrin bá lè jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ láìfi ohunkóhun kan ẹnu, àwọn á kọ́kọ́ yà síbí. Shaoqiong dúpẹ́. Àmọ́ kò kúrò níbẹ̀. Ó ń fi ìka yí bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá gbà á dáadáa lọ́la," ló wí, "ìgbà wo lẹ máa lè sọ fún mi nípa ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ẹ̀gbọ́n yín?"

"Ó ti kú. Èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó fẹ́ lọ tọ́jú rẹ̀, ẹnì kan dá a dúró. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìyẹn ló pa á."

Dókítà Duan wò ó. Ó ṣeé ṣe kó ti mọ ẹni tí ẹnì kan yẹn jẹ́.

"Màmá, mi ò ní parọ́ fún yín. Omi ẹnu àwọn tí ara wọn ṣì le la ń gbà. A ó máa ṣọ́ wọn fún ọdún mẹ́wàá, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti mọ ẹni tí àìsàn náà mú àti ẹni tí kò mú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ni. Tá a bá tilẹ̀ rí i pé kòkòrò báyìí pọ̀ lẹ́nu àwọn tí àìsàn mú, a lè má mọ̀ bóyá òun ló fà á, tàbí nǹkan mìíràn ló fa méjèèjì. Nípa èèyàn kan ṣoṣo tó ti lọ, kò sẹ́ni tó máa lè sọ ọ́ láéláé."

"Láéláé?"

"Láéláé, Màmá. Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́."

Ọkọ̀ náà lọ. Shaoqiong dúró lójú títì títí eruku fi rọlẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ló ti ń sá tẹ̀ lé ìdáhùn yìí, wọ́n sì ti sọ fún un pé kò sí níbì kankan. Síbẹ̀, ó yípo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ilé kan dé ìkejì.

Kò rọrùn. Àwọn kan bínú pé ó tú àṣírí abúlé fún àlejò. Àwọn kan ní àwọn ti ṣe tàwọn tán. Ìyá Guangfu jókòó ti ààrò rẹ̀, kò tilẹ̀ ní kó jókòó.

"Shaoqiong, ojú ò wá tì ọ́? Kí n gbé ẹnu tó ń rùn síwájú ọmọ ọlọ́mọ, kó máa fọwọ́ dí imú kà títí dé ọgbọ̀n? Ẹnu mi ò tíì rùn lójú èèyàn rí."

"Ẹnu Shaolan rùn lójú èèyàn."

"Ta ni kò mọ̀? Afẹ́fẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ fún wa pé ó ń bọ̀." Ìyá Guangfu ti ń rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ ohun tí òun sọ. Ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó mú ẹ̀mú, ó ti èédú kan sápá kan, ó tún tì í padà. "A fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù," ló wí níkẹyìn. "Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tá a bá péjọ. Mo rò pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́."

Shaoqiong fi ọwọ́ gbá eérú tó dà sílẹ̀ jọ.

"Aago mélòó lo ní?" ni Ìyá Guangfu béèrè.

"Mẹ́fà, Ìyá."

"Máa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó tì mí lọ́la, ìyẹn ni mo fẹ́ sọ."

Ilé Yinmei ló fi ṣe ìkẹyìn. Yinmei ni ọmọ kan ṣoṣo tí Shaolan bí, ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rẹ̀ nìyí. Ó ń gé kábéèjì nígbà tí Shaoqiong wọlé, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń wọ̀ ọ́ lójú. Shaoqiong sọ ti aago mẹ́fà fún un, Yinmei ní òun ti gbọ́. Ó kù kí Shaoqiong jáde. Kò jáde. Ó gbé ife, ó gbé e kalẹ̀. Ó lọ sójú fèrèsé.

"Àǹtí, ẹ jókòó. Ẹ ti ń mú òyì kọ́ mi."

"Yinmei, ìyá rẹ fẹ́ lọ tọ́jú ẹnu rẹ̀ lọ́dún yẹn. Èmi ni mo ní kó má lọ."

Ọ̀bẹ Yinmei ò dúró. "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Màmá ni. Ó ní ẹ ní eyín kì í pa èèyàn."

Shaoqiong di etí fèrèsé mú. "Ṣé ó bínú sí mi?"

Yinmei ronú. Kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tù ú nínú lásán, ó sì hàn lójú rẹ̀. "Nígbà míì, ó máa ń bínú. Nígbà míì, á ní inú òun dùn pé ẹ dá òun dúró, torí ẹ̀rù ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ eyín ń ba òun. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ọjọ́ ọjà mìíràn sì pọ̀, Àǹtí. Ó lẹ́sẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi bínú pé láti ọjọ́ tá a ti sin ín, ẹ máa ń wá síbí, ẹ máa ń gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá, ẹ máa ń fọ abọ́ tí mo ti fọ̀, ẹ ò sì sọ ọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ ti sọ ọ́ báyìí."

Ó ti àwo àti ewébẹ̀ sí Shaoqiong níwájú. Wọ́n jọ ń ṣà á, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí Shaoqiong padà sílé, ó gbé ìgò ọtí ata kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tirẹ̀, ó gbé e síta sínú ìrì, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà tún ṣìnà lówùúrọ̀.

Ọgbọ̀n obìnrin ó lé mẹ́jọ ló jáde lọ́jọ́ kejì. Àwọn márùn-ún kọ̀ jálẹ̀. Àwọn tó wá jókòó jìnnà síra wọn, ìborùn lójú, bí àwọn olè tí wọ́n kó jọ. Ẹnì kan kí Ìyá Guangfu, ó fi ọwọ́ dá a lóhùn. Nígbà tó yá, ìyàwó ilé kejì sín, ó gbàgbé, ó yanu, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì fò sápá kan. Ẹ̀rín bẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi tú lójú àwọn míì, kò sì sẹ́ni tó tún ráyè so ó mọ́.

Shaoqiong ló kọ́kọ́ jókòó síwájú Dókítà Duan. Kò tíì la ẹnu rẹ̀ sí àlejò báyìí rí láyé rẹ̀. Etí rẹ̀ gbóná. Ó da omi aláwọ̀ ewé náà sẹ́nu, dókítà sì bẹ̀rẹ̀ sí kà. Kò lè bi í ní ìbéèrè kankan. Kò lè dìde lọ tún àga tò. Ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, omi ń yí lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ohùn Yinmei lẹ́yìn, tó ń sọ fún ẹnì kan pé òun ló kàn.

Nígbà tó tu omi náà sínú ike, ó rí i pé pupa fẹ́ẹ́rẹ́ dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ èrìgì òun náà ni.

Dókítà Duan dé ike náà, ó wò ó níwájú ìmọ́lẹ̀, ó sì kọ Nie Shaoqiong sí i lára. Shaoqiong dìde fún Yinmei.